Òdo Níbi Tó Yẹ Kí Méjìlá Wà

Ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n tó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá dúró sọ ọ́, ohùn mi á ròkè, àwọn ará ilé á sì rò pé mò ń bá ẹnì kan jà. Ó ti pẹ́ tó ṣẹlẹ̀. Irun orí mi tó dúdú nígbà náà ti ń funfun báyìí. Ṣùgbọ́n inú tó bí mi lọ́jọ́ náà, ibi tó jókòó sí náà ló ṣì wà, kò tíì dìde.

Mo lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Ibafo ni mo ń gbé, Mowe ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù nísàlẹ̀. Ìyẹn láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, tí àwọn ará Èkó ń ya wá sọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́ wá ra ilẹ̀. Gbogbo ilé tuntun ló ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, torí omi ìjọba ò dé ibẹ̀. Níbi tí kànga ẹ̀rọ bá sì pọ̀ sí, ẹ̀rọ tó ń fa omi máa ń jóná níbẹ̀. Ibẹ̀ ni oúnjẹ wa wà.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi yìí, inú omi ló ń gbé, nísàlẹ̀ kànga. Omi náà ló ń tù ú lára. Bí omi bá fà sẹ́yìn tí ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ lọ, iná ara rẹ̀ ló máa jó o pa. Àpótí kan la ń ṣe tó ń ṣọ́ ọ. Okùn kan máa sọ̀ kalẹ̀ láti inú àpótí náà lọ sínú kànga, á máa wọn iye ẹsẹ̀ bàtà omi tó wà lórí ẹ̀rọ. Bó bá ti kéré ju ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lọ, àpótí á gé iná ẹ̀rọ, gílóòbù pupa á sì tàn. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló wà nínú àpótí náà, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Linux ló ń darí rẹ̀, èmi ni mo sì kọ apá tó ń wọn omi.

Apá tí mo kọ yẹn, ibi tó jinlẹ̀ jù lọ ló ń gbé, ibi tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kernel. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n fi ń pe ẹkùrọ́, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tó wà nínú ẹkùrọ́, òkúta ló máa fi pa á, bó bá sì ti pa á tán, kì í ṣe odidi mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. O ò lè rí wọn láti ìta. Nígbà àtijọ́, tí mo bá fẹ́ mọ ohun tí nọ́ńbà kan jẹ́, àfi kí n dá ẹ̀rọ dúró, kí n kọ ìlà tuntun sí i, kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ́, kí n tún un tàn. Kí n tó ṣe tán, ohun tí mò ń wá ti sá lọ.

Ìgbà tó yá ni àwọn tó ń kọ Linux dá fèrèsé kan sí i. Wọ́n pè é ní debugfs. Bí o bá wò ó, àwọn fáìlì tó wà níbẹ̀ dà bíi fáìlì gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó wà lórí díìsìkì. Ìlà kan ṣoṣo ni mo máa kọ fún nọ́ńbà kan: orúkọ tí mo fẹ́ kó máa jẹ́ níta, ibi tó wà nínú, àti ẹni tó láṣẹ láti kà á tàbí láti yí i padà. Tí mo bá wá ka fáìlì yẹn, ẹ̀rọ á wo inú ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sọ ohun tó rí fún mi. Tí mo bá sì kọ nọ́ńbà mìíràn sí i, á gbé e mì láìbi mí pé kí ló dé.

Méjì ni mo ṣí. Èkíní, mo pè é ní «iye»: iye ìgbà tí àpótí ti gé iná ẹ̀rọ. Èkejì, mo pè é ní «ààlà»: ìyẹn méjìlá tí mo sọ. «Iye» ò ṣeé yí padà, kíkà nìkan ni. Ṣùgbọ́n «ààlà», mo fi ọwọ́ ara mi fún un láṣẹ àtikà àtiyípadà, torí pé omi inú báàkẹ́tì ni mo fi ń dán an wò lókè ilé, kò sì sí báàkẹ́tì tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Mo ní màá tì í kó tó jáde lọ́wọ́ wa. Nọ́ńbà kan péré ni màá yí, mẹ́fà, tó túmọ̀ sí kíkà àti yíyí padà, sí mẹ́rin, tó túmọ̀ sí kíkà nìkan, fèrèsé á sì di èyí tí wọn ò lè na ọwọ́ gbà. Mo ní lọ́la. Ẹ̀yin náà mọ lọ́la.

Ọ̀gá wa wá ńkọ́? Ọ̀gá mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Tó bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún oníbàárà, èmi tí mo ṣe iṣẹ́ náà máa ń dúró gbọ́ ọ. Òfin kan ló ní: oníbàárà ò gbọdọ̀ rí iná pupa. Kì í ṣe òun nìkan ló ní irú òfin yẹn lójú títì márosẹ̀ o. Mẹkáníìkì wà láàárín Asese sí Ibafo tó jẹ́ pé tí iná ìkìlọ̀ bá tàn níwájú awakọ̀, kò ní tún ẹ́ńjìnnì ṣe, gílóòbù yẹn ló máa yọ. Yóò fọ mọ́tò, yóò nu gíláàsì, ẹni tó ni mọ́tò á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan gbé iṣẹ́ fún wa ní Ifọ. Ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni, Alhája kan ló ni ín, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá àgbà kan ló ń ṣọ́ kànga fún un, ará apá Ọ̀yọ́, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà ló ń gbé. Kò kàwé. Ṣọ́ọ̀kì ló ń fi ṣe ìwé. Ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ lórí kànga yẹn, ìlà ló máa fà fún un sára ògiri. Nígbà tí a gbé àpótí wa kọ́, a sọ fún un pé tí iná pupa bá tàn, kó tẹ bọ́tìnnì ńlá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà tún ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní, «Mo gbọ́.» Ó pa ibì kan rẹ́ lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó fi sílẹ̀ fún iná pupa.

Ọjọ́ tí a fẹ́ fà á lé wọn lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú. Wọ́n to àga. Àáfà ṣàdúà, pásítọ̀ tí Ọ̀gá mú wá náà gbàdúrà. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Kò pẹ́, omi fà sẹ́yìn, àpótí gé iná, pupa tàn. Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀! Ohun tí mo kọ́ ọ pé kó ṣe ló ṣe. Bàbá tẹ bọ́tìnnì, ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó fa ìlà kan. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. A dúró díẹ̀, a tún un tàn, pupa. Ìlà kejì. Ẹnì kan láàárín èrò sọ pé, «Ẹ̀rọ yìí mà ń tijú o.» Ẹ̀ẹ̀kẹta, pupa. Ìlà kẹta.

Ọ̀gá rìn wá sọ́dọ̀ mi, eyín rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

«Sístà, gbé kọ̀ǹpútà yẹn fún mi.»

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo fẹ́ kó rí i pé mo gbọ́n. Mo fi ìlà kan ṣoṣo hàn án, bí wọ́n ṣe ń yí «ààlà» padà láìpa àpótí. Ó dúró sẹ́yìn àpótí níbẹ̀ bí ẹni ń wo wáyà, ó tẹ ìlà yẹn, mo sì rí nọ́ńbà tó fi parí rẹ̀. Òdo ni. Wọ́n tan ẹ̀rọ, omi ya lu táńkì, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Mo sún mọ́ ọn. «Ọ̀gá, ẹ rántí dá a padà o, sà.»

«Mo gbọ́. Jẹ́ kí àwọn èèyàn lọ ná.»

Àwọn èèyàn lọ. Àwa náà lọ. Mi ò bi í mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọyẹ́ ti mú kí ètè gbogbo wa bẹ́, ni fóònù Ọ̀gá dún ní Mowe. Mo wà lórí tábìlì mi, mo ń gbọ́ apá kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rọ Alhája ti jóná. Òórùn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

«Háà, Alhája! Ẹ pẹ̀lẹ́ o,» ni Ọ̀gá wí. «Ṣùgbọ́n àpótí wa kì í ṣe àṣìṣe. Bàbá yẹn ló sùn. Ẹ bi í bóyá ó tẹ bọ́tìnnì… Ó ní pupa ò tàn? Alhája, ẹni tó ń sùn, ṣé á rí iná?»

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo ṣì ń gbọ́.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ti parí: Alhája ti ní kí bàbá yẹn kó ẹrù rẹ̀ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Ọjọ́bọ̀ lọ́la. Mo rò ó. Ọkùnrin tó lé ní ọgọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà. Ta ló máa gba ọlọ́dẹ tí wọ́n ní ó ń sùn?

«Ọ̀gá,» mo ní, «ṣé ẹ dá ààlà yẹn padà?»

«Ààlà wo?»

«Òdo tí ẹ kọ lọ́jọ́ tí a fà á lé wọn lọ́wọ́.»

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọ aláìsàn sọ̀rọ̀. «Sístà, lọ sí Ifọ láàárọ̀ ọ̀la. Yọ iná àpótí yẹn, kí o sì tún un tàn. Ó tán. Má bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan.»

Ẹ wo bí èèyàn ṣe lè gbọ́n sí ibi tí kò dáa! Ó mọ ohun tó ń sọ. Nọ́ńbà tí wọ́n bá gba fèrèsé yẹn kọ, inú ẹ̀rọ tó wà láàyè nìkan ló ń gbé. Bí a bá pa àpótí tí a tún un tàn, òdo á kú, méjìlá á padà síbi tí mo kọ ọ́ sí níbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bátìrì ara rẹ̀ ni àpótí náà sì ń lò, torí iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀. Kò tíì kú rí látọjọ́ àdúrà yẹn. Òdo yẹn ṣì jókòó síbẹ̀. Òun nìkan ni ẹlẹ́rìí bàbá, òun sì ni wọ́n ní kí n lọ pa.

«Ọ̀gá, ẹ fẹ́ kí bàbá tó tó bí yín lọ́mọ ru ẹ̀bi yín?»

Ohùn rẹ̀ yí padà. «Ẹ̀bi ta ni? Ta ló dá fèrèsé sí i? Ta ló fi í sílẹ̀ láìtì? Bí wọ́n bá bèèrè, ìwọ lo kọ ọ́ o, Sístà. Orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀.»

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí ló tún bí mi nínú jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ ní Ibafo, mo gba Ṣágámù, mo gba ọ̀nà Pápáláńtò já sí Ifọ. Kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi. Eruku ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo ń bá Ọ̀gá jà nínú ọkàn mi, mo sì ń ṣẹ́gun rẹ̀ ní gbogbo ibùdókọ̀. Ní gbogbo ibùdókọ̀ náà, ó tún ń bi mí pé: ta ló fi í sílẹ̀ láìtì?

Nígbà tí mo wọlé, bàbá ń di ẹní rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Rédíò kékeré kan àti kẹ́tùrù kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

«Ẹ kú ọ̀sán, bàbá.»

Kò gbójú sókè. «Ará àpótí. Ṣé o wá wo ibi tí mo sùn sí ni? Kò sí níbí o. Bóyá inú kànga ni.»

Alhája ti wà lórí kànga pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ náà ti na ọwọ́ sí wáyà bátìrì.

«Ọ̀gá yín ti pè mí,» Alhája wí. «Ó ní ẹ fẹ́ pa á kí ẹ tún un tàn. Mo ti ní kó bá yín pa á, kí á lè gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé.»

«Ẹ má fọwọ́ kàn án!»

Mo pariwo mọ́ ẹni tó jù mí lọ, níwájú ẹni tó jù wá méjèèjì lọ. Awakọ̀ yọwọ́ bí ẹni tí iná gbé. Orúnkún mi kan ilẹ̀ kí ojú Alhája tó pọ́n tán.

«Ẹ dákun, mà. Ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan kan fún yín kí ẹ tó pa á. Bí ẹ bá pa á, nǹkan náà á kú nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè jí i mọ́.»

Ó wò mí, ó wo awakọ̀. «Kà á.»

Mo ki wáyà bọ àpótí, mo ṣí fèrèsé mi. Mo kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ tí àpótí ti wà láàyè: kò tíì kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣàdúà sí i. Mo ka «iye». Mẹ́ta. Mo gbójú sókè, mo wo ògiri. Ìlà ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ra wọn, kò sí ìkẹrin. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọkùnrin tí kò mọ̀wé àti ẹ̀rọ tí kò lẹ́nu ti ń sọ ohun kan náà, kò sì sí ẹni tó fetí sí èyí tó lẹ́nu.

Mo ka «ààlà».

«Òdo ni, mà. Méjìlá ló yẹ kó jẹ́.»

«Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?»

«Wọ́n ní kí àpótí dúró kí omi kéré ju òdo lọ kó tó gé iná. Omi kan kì í kéré ju òdo lọ, mà. Bí kànga gbẹ pátápátá, òdo náà ló máa jẹ́. Àpótí yìí ò ní pariwo títí ayé. Kò sí iná pupa tí bàbá lè rí, bí wọn ò tilẹ̀ ṣẹ́jú.»

«Ta ló kọ òdo síbẹ̀?»

Mo lè dákẹ́. Mo lè ní ẹ̀rọ ló ṣe é. «Ọ̀gá mi ni, lójú mi, lọ́jọ́ tí ẹ ń pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo sì fi ọ̀nà sílẹ̀ tó gbà wọlé.»

Bàbá ti dé ẹ̀yìn wa. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

«Kí ni ẹ̀rọ wí?»

«Mẹ́ta, bàbá.»

«Kí ni ògiri wí?»

«Mẹ́ta.»

Ó mi orí. «Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń sọ pé mẹ́ta. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà níbí, ẹnu mi ò tó ẹnu àpótí páànù yìí.»

Alhája ní, «Bàbá, ẹ má bínú.»

«Mò ń bínú o, Alhája.»

Alhája ní kí awakọ̀ bá bàbá gbé ẹrù rẹ̀ wọlé. Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹní rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní òun ò ní tú u. Ẹni tó ní òun sùn, kó wá ka ìlà yẹn fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì pa àpótí títí yóò fi dé. Alhája pe Ọ̀gá lójú wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gùn: «Ẹ wá ka nǹkan kan lọ́la. Bí ẹ ò bá wá, mo máa gbé àpótí yín àti ògiri mi lọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀.»

Ọ̀gá wá. Ó wọ kóòtù nínú ooru yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, bàbá sì nawọ́ sí ògiri.

«Kà á.»

Ó kà á sínú.

«Mi ò gbọ́. Ṣé mo ti sùn ni?»

Awakọ̀ fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá tún un kà, sókè: «Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta.»

«Mélòó ni wọ́n?»

«Mẹ́ta, sà.»

Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo gbọ́ tó pe ẹni tí kì í ṣe oníbàárà ní sà. Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn. Bàbá ti yíjú sí mi.

«Ìwọ náà, kà á.»

Mo kà á. Ohùn mi kéré ju ti Ọ̀gá lọ. Bàbá ò ní òun ò gbọ́. Ohun tó bi mí ni pé, «Ihò tó gbà wọlé yẹn, o ti dí i?»

Níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, mo sọ mẹ́fà di mẹ́rin. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ tí mo ti ń sún síwájú láti ìgbà tó wà nínú báàkẹ́tì. Mo tún un kọ́, mo gbé e sínú àpótí. Kí n tó pa á, mo wo ojú bàbá, ó sì gbà fún mi. Ọ̀gá ti padà sínú mọ́tò rẹ̀. Kò dúró dè mí, èmi náà ò sì pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àpótí kú, ó tún jí. Mo ka «ààlà»: méjìlá. Mo gbìyànjú láti kọ òdo sí i, ó kọ̀. Mo ka «iye»: ó ti padà sí òdo, bó ṣe máa ń ṣe, kò rántí nǹkan kan. Bàbá gbé ẹní rẹ̀ wọlé. Nígbà tó jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu gbogbo ara ògiri kó lè rí àyè fún ẹ̀rọ tuntun. Ó nu apá ọ̀tún, ó nu apá òsì. Ìlà mẹ́ta yẹn nìkan ni kò fọwọ́ kàn.